Àbúrò mi ti lo ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin lẹ́wọ̀n láìgba ìdájọ́: ṣé páróòlù lè mú un jáde?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Ìbàdàn ni mo ń gbé, aṣọ ni mo ń tà. Ọlọ́pàá mú àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn, pé wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ìgbìmọ̀pọ̀ láti jalè àti olè jíjà ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀sùn. Májísíréètì fún wọn ní bélì, ó ní kí oníkálukú mú oníduùró méjì wá, kí ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ipele kejìlá, kí èkejì ní ilé tó níwèé. A ò rí. Mo ní kí n dúró fún un fúnra mi, akọ̀wé kan ní àwọn kì í gba obìnrin. Ó ti pé ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin báyìí. Ẹjọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, torí ọlọ́pàá tó mú wọn ti ṣípò lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Mo gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti gba ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ Àbújá fún àwọn gómìnà, mo sì tún gbọ́ pé páróòlù wà fún ẹni tó bá ti ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣé gómìnà lè tú u sílẹ̀? Ṣé wọ́n lè fún un ní páróòlù?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin mi, ẹ kú ìrọ́jú. Páróòlù, ìyẹn kí wọ́n tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ kí iye ọdún rẹ̀ tó pé, kọ́ ni ọ̀nà àbúrò yín. Ọ̀nà tó wà nílẹ̀ fún un kúrú ju ti páróòlù lọ, ó sì lágbára jù ú lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún yín láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tó yẹ kí ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ẹni tí kọ́ọ̀tù ti dá lẹ́bi, tó ti ń ṣẹ̀wọ̀n tí wọ́n kà fún un, ni páróòlù wà fún. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta tí ẹ gbọ́ ti wá ni abala 468 nínú ACJA, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015. Ó ní bí ọ̀gá àgbà àwọn wọ́dà bá kọ̀wé sí kọ́ọ̀tù pé ìwà ẹlẹ́wọ̀n kan dára, tí ẹni náà sì ti ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀wọ̀n rẹ̀, kọ́ọ̀tù lè gbọ́ tẹnu agbẹjọ́rò ìjọba àti ti ẹlẹ́wọ̀n náà, kó wá pàṣẹ pé kó máa lọ, kí ìyókù ẹ̀wọ̀n náà dáwọ́ dúró. Kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́wọ̀n ni abala náà dárúkọ o. Ẹni tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tó ọdún 15, ó kéré tán, tàbí ẹni tí wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n gbére, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kó lọ ṣe ọdún mẹ́rin torí ewúrẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Lójú tèmi, àṣìṣe ńlá ni: ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kéré jù ni òfin gbójú fò. Kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ àti ti Àbújá ni ACJA sì ń ṣàkóso. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá ló ní òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tirẹ̀. Èkó ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ ní 2007, kí Àbújá fúnra rẹ̀ tó jí sí i.

Ẹ lè tún ti gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé oṣù mẹ́jọ ni ọdún ẹ̀wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìyẹn náà yàtọ̀ sí páróòlù. Bí ẹlẹ́wọ̀n tó ti gbàdájọ́ bá ń hùwà dáadáa, wọ́n máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú iye tí adájọ́ kà fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n ní kó ṣe ọdún mẹ́ta fi ń jáde lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹ di ọdún méjì yẹn mú sọ́wọ́, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé ẹ̀sùn. Nínú Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò níhà gúúsù, abala 390 ló sọ ìjìyà olè jíjà. Bó bá jẹ́ olè jíjà lásán, ọdún mẹ́ta ló ga jù. Abala 516 ló sọ ti ìgbìmọ̀pọ̀. Lóòótọ́ ó dárúkọ ọdún méje, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé bí ìjìyà ọ̀ràn tí wọ́n gbìmọ̀ lé lórí bá kéré sí méje, èyí tó kéré yẹn ni kí kọ́ọ̀tù lò. Ọdún mẹ́ta náà ló já sí. Bí àbúrò yín bá jẹ́ òṣìṣẹ́ níbi ìkọ́lé yẹn, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé ohun ọ̀gá rẹ̀ ló jí, tàbí bí wọ́n bá kọ ọ́ sábẹ́ ìpín tó ń wo iye owó ohun tí wọ́n jí, ó lè di ọdún méje, nítorí náà ẹ rí i pé ẹ gba ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn náà ní kọ́ọ̀tù, kí lọ́yà yín fi ojú ara rẹ̀ kà á. Ẹ má gba ohun tí wọ́n fẹnu sọ.

Ẹ wá wo abala 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, tó ṣì ń dúró de ìgbẹ́jọ́ ní àtìmọ́lé, kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀ ju iye ọdún tó ga jù tí wọ́n lè fi jẹ ẹ́ níyà lórí ọ̀ràn náà lọ. Bó bá jẹ́ olè jíjà lásán ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀sùn, ọdún mẹ́ta ni òpin. Àbúrò yín ti fi oṣù mẹ́rin kọjá òpin. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé kọ́ọ̀tù ló ti ní òun jalè, tí májísíréètì bínú, tó fún un ní gbogbo ọdún mẹ́ta láìyọ ọjọ́ kan, ọdún méjì ni ì bá lò, ì bá ti wà nílé láti ọdún tó kọjá. Ẹni tí kò sẹ́ni tó tíì dá a lẹ́bi ti jìyà ju ẹni tó jẹ̀bi lọ. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ohun tó mọ́ mi lára.

Kí wá ni ṣíṣe? Òfin kan wà láti ayé ológun, ní 1977, tó fún Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ láṣẹ láti wọ inú ọgbà ẹ̀wọ̀n, kó sì tú ẹni tí kò tíì gbàdájọ́ sílẹ̀. Nǹkan méjì ló lè mú un ṣe bẹ́ẹ̀: bí àtìmọ́lé ẹni náà kò bá bófin mu rárá, tàbí bí ẹni náà bá ti pẹ́ níbẹ̀ ju iye ọdún tí ì bá lò bí wọ́n bá dá a lẹ́bi. Ìkejì yìí ni tàbúrò yín gan-an, bí ẹní dá òfin náà sílẹ̀ torí ẹ̀. Mo ti dúró nínú àgbàlá ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ tí Adájọ́ Àgbà kan wá. Tábìlì kan, àga díẹ̀, fáìlì tí wọ́n tò jọ, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n jókòó sílẹ̀ ní ìlà ìlà, tí wọ́n ń wo ẹnu ẹni tó ń pe orúkọ. Orúkọ tí kò bá sí nínú ìwé tí àwọn wọ́dà kọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pè é. Nítorí náà, ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ lọ ni ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nínú ọgbà náà. Ẹ béèrè ìgbà tí Adájọ́ Àgbà tún ń bọ̀, kí ẹ rí i dájú pé orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀, ọjọ́ tó wọlé àti ẹ̀sùn rẹ̀ wà lórí ìwé, láìsí àṣìṣe. Lẹ́tà kan péré tó yí padà nínú orúkọ ti dá ẹlòmíràn padà sínú sẹ́ẹ̀lì lójú mi.

Ẹ má sì dúró de Adájọ́ Àgbà nìkan. Ẹ gba kọ́ọ̀tù gíga lọ nísinsìnyí, lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ìlànà tó ń darí irú ẹjọ́ yìí láti 2009 gbà kí ẹbí tàbí ẹlòmíràn pè é lórúkọ ẹni tó wà ní àtìmọ́lé, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Abala 35 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan tún ní ẹni tí wọ́n tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Ẹ lè máa rò ó pé owó lọ́yà ni yóò pa yín. Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà, ní ọ́fíìsì ní olú ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe ẹjọ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ. Àbúrò yín kò gba owó oṣù kankan láti ọdún mẹ́ta. Ẹ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oníduùró yẹn bí mi nínú, mi ò ní í bò ó. ACJA, ní abala 167, sọ ọ́ kedere pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ènìyàn ní oníduùró nítorí pé obìnrin ni. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè pàápàá, ní abala 42, kò gbà kí wọ́n fi jíjẹ́ obìnrin du ẹnikẹ́ni ní ohun tí wọ́n ń fún ọkùnrin. Ẹni tó dá yín padà, àṣà ọ́fíìsì ló ń lò, kò lófin lọ́wọ́. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ ó rí i pé kò ní í kọ ọ́. Òfin tún ní bélì kò gbọdọ̀ le ju agbára ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ipele kejìlá, torí jẹnẹrétọ̀ kan! Níbo ni ẹni tó ń ta aṣọ lọ́jà ti fẹ́ mú un? Lọ́yà yín lè ní kí kọ́ọ̀tù gíga dín in kù, kó sì jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó dúró.

Ẹ bi mí bóyá gómìnà lè tú u sílẹ̀. Abala 212 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún gómìnà láṣẹ láti foríji ẹni tó ṣẹ̀ sí òfin ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n àánú ni ìyẹn, ẹni tó jẹ̀bi ló sì sábà máa ń tọrọ àánú. Ẹni tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yín ju gómìnà lọ ni kọmíṣọ́nnà rẹ̀ fún ètò ìdájọ́. Abala 211 fún un láṣẹ láti fòpin sí ẹjọ́ ọ̀daràn èyíkéyìí tí kò bá tíì dé ìdájọ́. Bí ìwé kan bá délẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀ tó ń sọ pé olùpẹjọ́ kò rí ẹlẹ́rìí kan mú wá láti ọdún mẹ́ta, pé ọlọ́pàá tó ṣèwádìí ti lọ, pé ọmọ náà ti kọjá iye ẹ̀wọ̀n tó ga jù, ó ṣòro kó ní òun kò rí i. Kí lọ́yà yín kọ ọ́, kí wọ́n sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sí padà.

Ó wá ku ohun tí ẹ gbọ́ lórí rédíò. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gba ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ Àbújá. Ní oṣù Kẹta 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin tó mú ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n kúrò níbi tí ìjọba àpapọ̀ nìkan ti lè ṣòfin lé e lórí, tó gbé e síbi tí àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ti jọ lè ṣe é. Gbogbo ọgbà tó wà nílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìgbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kan bá ṣòfin tirẹ̀, tó kọ́ ọgbà, tó gba wọ́dà, ni ẹnu ọ̀nà kankan tó lè yí padà. Bí òfin ìpínlẹ̀ bá sì takora pẹ̀lú ti àpapọ̀, ti àpapọ̀ ni yóò borí.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹ̀wọ̀n yóò wà lọ́wọ́ oríṣi aláṣẹ méjì. Nígbà tí ìjọba aláwọ̀ funfun kọ́ ẹ̀wọ̀n Broad Street l'Ékòó ní 1872, ibi tó ti di Freedom Park lónìí, ẹ̀wọ̀n ti ìjọba ni. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀wọ̀n àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ wá fara hàn ní ìwọ̀-oòrùn àti ní àríwá, oríṣi méjì sì jọ wà pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn àgbà yín á rántí ohun tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n ìbílẹ̀ ṣe nígbà ìṣèlú ayé ìjọ́sí: ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba lè sùn síbẹ̀ lórí ẹ̀sùn tí kò lórí tí kò nírù. Ìyẹn wà lára ìdí tí ìjọba ológun fi kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àpapọ̀ ní 1968. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mo faramọ́ àtúnṣe 2023, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Ẹni tó jẹ́ pé òun ló ń yan kọmíṣọ́nnà, òun ló ń sanwó májísíréètì, bí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n bá tún wá bọ́ sí i lọ́wọ́, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú òfin náà pé adájọ́ àti àwọn ará ìlú tí kò sí lábẹ́ rẹ̀ lè wọlé wò nígbàkúùgbà.

Àwọn tó ń pariwo pé kí ìpínlẹ̀ kọ́ ẹ̀wọ̀n tuntun torí pé ti àtijọ́ kún, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n pé kí ló kún un. Ní oṣù Kẹwàá 2021, àwọn agbébọn kọlu ọgbà Abolongo ní Ọ̀yọ́. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí ọgbà náà, ènìyàn 160 ni wọ́n sì kọ́ ọ fún. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ènìyàn 907 ló wà níbẹ̀. Mélòó nínú wọn ni kọ́ọ̀tù ti dá lẹ́bi? Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta péré. Àwọn 843 yòókù ń dúró de ìgbẹ́jọ́ bíi ti àbúrò yín. Bí wọ́n bá kó gbogbo wọn kúrò, àwọn tí kọ́ọ̀tù rán lọ síbẹ̀ láti jìyà kò ní í kún ìdajì ilé náà. Ta ló sì ń kó wọn wá? Májísíréètì ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ìwé wọn. Ọ́fíìsì ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ ni fáìlì ọ̀pọ̀ wọn ti ń dúró de ìmọ̀ràn lórí bóyá kí ẹjọ́ náà tẹ̀ síwájú. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní agbára tó pọ̀ lórí ẹ̀wọ̀n kí 2023 tó dé; ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni agbára náà wà, ibẹ̀ gan-an ni wọn kì í sì í fẹ́ ká wò.

Òfin 2019 tó sọ ilé iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n di Nigerian Correctional Service ti gbìyànjú. Abala kejìlá rẹ̀ ní bí ọgbà bá kún kọjá ààyè rẹ̀, ọ̀gá wọ́dà ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó Adájọ́ Àgbà àti kọmíṣọ́nnà létí láàrin ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn náà wá ojútùú láàrin oṣù mẹ́ta. Ó tún fún àwọn wọ́dà láṣẹ láti kọ̀, kí wọ́n ní àwọn kò gba ẹnikẹ́ni mọ́. Ibí ni mo fẹ́ kí aṣòfin ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá jókòó ti òfin tiwọn. Kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó bá ti lo ìdajì ìjìyà tó ga jù láìgbàdájọ́, bélì rẹ̀ á di ti ara ẹni láìwá oníduùró kankan. Kí wọ́n kọ ọ́ pé bí olùpẹjọ́ bá kùnà láti mú ẹlẹ́rìí wá lẹ́ẹ̀mẹta, ẹjọ́ náà ti kú. Kí wọ́n sì mú páróòlù dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún. Àwọn wọ̀nyí kò ní kí wọ́n ra bíríkì kan.

Owó ńkọ́? Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ sún owó oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n kan láti N750 lọ sí N1,125 lóòjọ́. Àbúrò yín ti lò ju ọjọ́ 1,200 lọ níbẹ̀. Kódà bí a bá ka gbogbo rẹ̀ sí N750, N900,000 ni, oúnjẹ nìkan, a ò tíì ka wọ́dà àti ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Lórí jẹnẹrétọ̀. Àwọn tó ti gbàdájọ́ pàápàá, owó ló há ọ̀pọ̀ mọ́ ibẹ̀: ní oṣù Kọkànlá 2023, wọ́n tú ènìyàn 4,068 sílẹ̀ kárí orílẹ̀-èdè lẹ́yìn tí wọ́n rí mílíọ̀nù 585 náírà kó jọ láti fi san owó ìtanràn wọn. Ẹ pín in, kò tó N150,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún, torí mo mọ̀ pé wọn yóò gbé e wá. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti ń gbóná, ẹnìkan á sọ fún àbúrò yín pé kó sáré gbà pé òun jẹ̀bi, kí májísíréètì lè ka ọdún tó ti lò fún un, kó sì máa lọ sílé lọ́jọ́ kan náà. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dùn létí ẹni tó ti sùn sórí sìmẹ́ńtì fún ọdún mẹ́ta. Kó má ṣe é. Lóòótọ́ á jáde, ṣùgbọ́n orúkọ olè tí kọ́ọ̀tù fọwọ́ sí ni yóò bá a jáde, ìwé tí ọlọ́pàá ń fún ẹni tó ń wáṣẹ́ tàbí tó fẹ́ rìnrìn-àjò yóò máa sọ ọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti béèrè owó lórí ohun tí wọ́n ṣe sí i yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ẹ lọ rí i lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sọ fún un lójúkojú pé ọ̀nà mìíràn wà, kí ẹ sì ní kó ṣe sùúrù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ yà ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tó wọlé sínú ìwé yín. Ọjọ́ yẹn gan-an ni lọ́yà máa kọ́kọ́ bi yín.